Èsì lórí "àkàrà wàràkàṣì": ti Donostia ọ̀tọ̀, ti Cantabria ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe oúnjẹ aládùn tí wọ́n fi wàràkàṣì, ẹyin àti ṣúgà yan, tí àwọn ará Sípéènì ń pè ní tarta de queso. Ẹnì kan ní kí á pè é ní "àkàrà wàràkàṣì", torí pé àwọn àgbà wa ti pe kéèkì ní àkàrà òyìnbó rí. Ẹlòmíràn ní "kéèkì wàràkàṣì" ló dáa, kó lè tètè yé ọmọdé. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Oúnjẹ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ẹyọ kan, bí a bá sì kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ẹni tó gbọ́ orúkọ náà kò ní mọ ohun tó wà nínú àwo.

Èyí tó lókìkí jù ni ti San Sebastián, ìlú kan ní àríwá Sípéènì tí ẹ̀yà Basque tó ń gbé níbẹ̀ ń pè ní Donostia. Ilé oúnjẹ La Viña ló ti jáde, ní òpópónà 31 de Agosto, Santiago Rivera ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1990. Ohun tó ń wọ inú rẹ̀ kò pọ̀: wàràkàṣì rírọ̀ kílò kan, ẹyin 7, ṣúgà 400 gíráàmù, kírímù ìdajì lítà, àti ìyẹ̀fun ṣíbí kan péré. Wọ́n á fi bébà tẹ́ inú páànù, bébà náà á rún, á sì yọrí kọjá etí páànù. Iná ààrò á le, tó bí ìwọ̀n 210 Celsius. Bí wọ́n bá gbé e jáde, orí rẹ̀ á ti pọ́n títí á fi dúdú, àárín rẹ̀ á sì máa gbọ̀n bíi mọ́ínmọ́ín tí kò tíì dì tán. Bó bá tutù, á rọlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ pe èyí ní kéèkì, ìyẹ̀fun rẹ̀ dà? Ṣíbí kan nínú kílò wàràkàṣì kan! Kéèkì lẹ́nu tiwa, ìyẹ̀fun àti bọ́tà ni, ó sì gbọ́dọ̀ wú. Ti àkàrà tún burú jù ú lọ. "Àkàrà òyìnbó" dúró dáadáa torí pé "òyìnbó" yẹn ti sọ fún wa pé kì í ṣe èyí tí à ń dín. Ẹ yọ òyìnbó kúrò, ẹ fi wàràkàṣì rọ́pò rẹ̀, ìyá aláàkàrà á rò pé ẹ ní kí òun po wàràkàṣì mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ ni.

Ẹnì kan tún dábàá "jíjóná", nítorí orí rẹ̀ tó dúdú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ ká gba ìyẹn. Ní La Viña fúnra rẹ̀, tarta de queso lásán ni wọ́n ń pè é. Oúnjẹ tó jóná lédè wa ti bàjẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí orí eléyìí dúdú, kí ìkorò díẹ̀ lè gé adùn ṣúgà. "Wàràkàṣì adúlórí" ni mo fi síwájú yín.

Ẹ wá wo quesada pasiega, ti àwọn àfonífojì Pas ní Cantabria, ní àríwá Sípéènì níbẹ̀ náà. Wàrà màlúù tútù ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi oje àpòlúkù ọmọ màlúù mú un dì, wọ́n á wá po ẹyin, ṣúgà, bọ́tà, ìyẹ̀fun, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ àti sínámọ́nì mọ́ ọn, wọ́n á dà á sínú páànù pẹrẹsẹ, wọ́n á yan án. Ó máa ń pẹlẹbẹ, ó sì máa ń le ju ti Donostia lọ. Wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì leléyìí. Ohun tí àwọn ìyá Fúlàní ń fi oje bọmubọmu ṣe fún wàrà gbígbóná ní agbègbè Ìlọrin náà ni oje àpòlúkù ń ṣe lọ́hùn-ún. A ti ní wàrà dídín lọ́jà. Kí ló dé tí èyí kò ní jẹ́ "wàrà yíyan"?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní wàrà nínú Bíbélì, nǹkan olómi ni. Lóòótọ́, Jóòbù orí 10 ẹsẹ 10 ya wàrà tí à ń tú jáde sọ́tọ̀ kúrò lára wàràkàṣì tó dì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè wàrà lọ́jà Ìlọrin, ohun dídì ni wọ́n á bù fún un. Mílíìkì ni à ń dà sí tíì. "Yíyan" sì ti parí àríyànjiyàn náà, nítorí kò sẹ́ni tí í yan omi.

Ti flaó, ti Ibiza, erékùṣù kan ní Sípéènì, kò le. Wàràkàṣì ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn, ewé míǹtì àti ánísì, tí wọ́n dà sínú ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n tẹ́ sí páànù: páì ni. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní flaó bí àwọn onílé ṣe ń pè é, ká fi "páì wàràkàṣì" ṣàlàyé rẹ̀ fẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá ní orúkọ tó dùn ju "adúlórí" lọ, kó mú un wá. Màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, bí kò bá ṣáà ti ní "jóná" nínú.