Ṣé ọmọ ọdún 14 lè wo eré ogun yìí?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 14, ń wo The Winds of War, eré alápá méje nípa Ogun Àgbáyé Kejì, tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1983. Ìfẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju ìbọn lọ! Ìyàwó Pug Henry, ọ̀gá ológun ojú omi, ń yan àlè. Byron ọmọ rẹ̀ bá Natalie, ọmọ Júù, lọ sí Pólándì, àfi gbàù tí Hitler, olórí Jámánì, kógun wọ ibẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1939.

Pug yìí kan náà ló ń bá Roosevelt ààrẹ Amẹ́ríkà, Churchill olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Hitler pàdé lójúkojú. Ọmọ mi ti gbà pé ẹni gidi ni, ó tilẹ̀ fẹ́ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, báwo ni mo ṣe lè ya òótọ́ kúrò lára àròsọ fún un láìba adùn eré jẹ́? Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni War and Remembrance tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ya apá kan rẹ̀ ní Auschwitz gan-an, àgọ́ tí ìjọba Hitler ti pa àwọn Júù nípakúpa. Ṣé kó wò ó, àbí kí n kọ́kọ́ dá a wò ná?