Ẹ̀yin tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin Saikyo, kí ni ojú yín ti rí?

OmoIjebu_Toda: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Saitama ní Japan níbí. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń wọ Saikyo lọ sí Shinjuku láràárọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìrírí yín. Èmi á kọ́kọ́ sọ tèmi: lọ́sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èrò tó wọlé ní Akabane gbé mi nílẹ̀. Jujo kọjá, Itabashi kọjá, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ títí a fi dé Ikebukuro. Báàgì mi wà lọ́tọ̀, èmi wà lọ́tọ̀.

Iya_Ibeji: Ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀ kẹ̀! Ìjẹ̀bú, rọra.

OmoIjebu_Toda: Ìyá Ìbejì, ẹ wọ̀ ọ́ láago méje ààbọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé mo ń parọ́.

Akanbi_Tuntun: Ẹ jọ̀ọ́, àlejò ni mí, oṣù tó kọjá ni mo dé. Kita-Toda ni mò ń gbé. Ṣé gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró níbẹ̀?

Gbenga_Urawa: Tèmi ni ti ìjókòó. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ọkọ̀ kún dẹ́nu, àwọn èèyàn so rọ̀ mọ́ irin òkè bí àdán. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo láti Shinjuku. Mo fi ọgbọ́n gbóòórùn abíyá mi. Kò sí nǹkan. Mo wo bàtà mi. Mo kó ara jọ bí ìgbín kí wọ́n lè rí i pé àyè wà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jókòó. Ìgbà tá a dé Itabashi ni ìyá àgbà kan wọlé pẹ̀lú àpò ọjà, ewé àlùbọ́sà gígùn yọrí nínú rẹ̀. Ó jókòó tì mí gbagidi, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́, oorun gbé e lọ, orí rẹ̀ bọ́ sí èjìká mi. Nígbà tá a dé Musashi-Urawa tó yẹ kí n sọ̀, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò lè dìde. Mo bá a dé Omiya.

Sade_Warabi: Ìyá yẹn á pẹ́ fún wa 😭

Dele_K: Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí! Mo rò pé èmi nìkan ni.

Baba_Suica: Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti lò ní ìlú yìí. Kì í ṣe ìkórìíra. Ẹ̀rù èdè ló ń ba àwọn ará Japan tí wọn kì í fẹ́ jókòó ti àlejò. Wọ́n rò pé táwọn bá jókòó, o máa bi àwọn ní nǹkan lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Dele_K: Bàbá, ẹ ṣì ń gbèjà wọn. Ta ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀? Gbogbo wọn ló dákẹ́ bí ilé òkú.

Kunle_Kawagoe: Èmi kì í bínú. Báàgì mi ni mo máa ń gbé síbẹ̀.

Sade_Warabi: Ẹ ò rí nǹkan! Ìwọ lò ń bà wá lórúkọ jẹ́. Gbé báàgì ẹ lé itan, jọ̀ọ́.

Kunle_Kawagoe: Ibi tó ṣófo ńkọ́? Ṣé kí n máa bá a sọ̀rọ̀ ni?

Tunji_Yono: Ẹ fi ìjókòó sílẹ̀. Èmi wọ ọkọ̀ obìnrin láàárọ̀. Mo rí i pé gbogbo ojú ń wò mí, mo rò pé àǹkárá ọrùn mi ló wù wọ́n. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn. Àfìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀, tí mo rí àmì aláwọ̀ osùn ní ẹnu ọ̀nà.

OmoIjebu_Toda: O ń rẹ́rìn-ín sí wọn 🤣🤣

Iya_Ibeji: A ti rẹ́rìn-ín tán, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nítorí àwọn oníṣekúṣe tó ń fọwọ́ pa obìnrin lára nínú èrò ni wọ́n ṣe ya ọkọ̀ yẹn sọ́tọ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí Saikyo yìí, wọ́n sì fi kámẹ́rà kún un ní ìparí 2009. Mo ní ọmọbìnrin méjì tó ń wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé. Ẹ máa wo ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé.

Tunji_Yono: Ẹ má bínú, mà.

Baba_Suica: Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ bí ọ̀nà yìí ṣe débẹ̀? Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin asáré tete, gba Toda, Urawa àti Yono kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ kọ̀ jálẹ̀: ariwo ni tiwọn, ọkọ̀ náà ò sì ní dúró gbé wọn. Ohun tí wọ́n fi tù wọ́n nínú ni Saikyo, ó bẹ̀rẹ̀ ní 30 oṣù Kẹsàn-án 1985. Ìdí nìyẹn tí Shinkansen fi ń bá yín rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní Saitama níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sáré ju kìlómítà 130 lọ ní wákàtí kan, nítorí ariwo yẹn náà ni.

Dele_K: Ará àdúgbò sọ̀rọ̀, ìjọba gbọ́? Nílé, katakata lo máa kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà ẹ.

Kunle_Kawagoe: Má bú ilé. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti Èkó ti ń ná Mile 2 sí Marina láti 2023, Red Line náà ti ń gba Agége.

Dele_K: Kìlómítà 13 ni Blue Line! Saikyo nìkan jẹ́ 36.9.

Kunle_Kawagoe: Ìgbà wo ni Saikyo bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni tiwa? Ọmọ ọwọ́ lo ń bá sáré ìje.

Gbenga_Urawa: Ẹ mọ̀ pé orúkọ Saikyo dún bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe "alágbára jùlọ"? Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé á jẹ́rìí sí i.

Akanbi_Tuntun: Ẹ kò dá mi lóhùn o. Mo ti wà nínú ọkọ̀ báyìí. Kaisoku ni wọ́n kọ sí i lára. A dúró ní Toda-Koen, àmọ́ Kita-Toda ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lójú fèrèsé. Mo rí òrùlé ilé mi.

Baba_Suica: Háà, ọmọ mi! Ọkọ̀ ayára ni Kaisoku, kì í dúró níbẹ̀. Sọ̀ ní Musashi-Urawa, kí o wọ èyí tó ń padà, èyí tó ń dúró níbi gbogbo.

Akanbi_Tuntun: Ẹ ṣé, sà. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi náà ṣófo o.