Irú ọgbà wo ló yẹ adìyẹ ẹ̀yìnkùlé, nígbà tí ọmọdé ń bọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ. Ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn ni tèmi ti ń jẹ̀ kiri. Àwọn ọmọ àbúrò mi ń bọ̀ wá lo họlidé. Àbíkẹ́yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni, ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bá sì ti bà, ẹnu ló ń lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ ńkọ́? Àkùkọ mi náà kì í gba gbẹ̀rẹ́: èékánná ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú bí ẹ̀gún, bó bá sì fò sókè, ojú ọmọdé ló máa kàn.

Mo ti fi àwọ̀n ká wọn mọ́, wọ́n walẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Mo ra wáyà, ṣùgbọ́n etí ibi tí wọ́n ti gé e ń ya èèyàn lọ́wọ́, ihò rẹ̀ sì gba ìka ọmọdé. Mo ní kí n kó wọn sábẹ́ àgò, ooru ò jẹ́. Káfíńtà ní pákó ló dáa. Ikán àdúgbò wa ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè fi ṣọgbà tí adìyẹ ò ní jáde, tọ́mọdé ò ní tọwọ́ bọ̀, tí atẹ́gùn á sì máa wọlé? Ẹ má sọ pé kí n pa àkùkọ jẹ o, ìyàwó mi ti sọ ìyẹn.

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ ṣé, mo ti dúpẹ́ sílẹ̀.