Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi nípa ọgbà ìgbafẹ́ àti agbo orin

Ẹ̀yin ará, ní oṣù tó kọjá ni mo bèèrè bóyá ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọgbà ìgbafẹ́ ẹ̀yìn ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù háyà fún àwọn olórin. Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ìwé ìkéde tí wọ́n fi ọ̀rá wé ni mo bá lára géètì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n wo ẹjọ́ Finsbury Park, pápá ìgbafẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ jàre. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé abala 145 nínú òfin ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 1972 fún ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Haringey láyè láti sé apá kan pápá náà mọ́ fún agbo orin Wireless. Ṣùgbọ́n àyè náà ní ìwọ̀n, nítorí pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga wọ́gi lé ìpinnu ìjọba ìbílẹ̀ Lambeth lórí pápá Brockwell Park, níbi tí iye ọjọ́ ìlò pápá ti ju 28 tí òfin gbà láìsí ìwé àṣẹ ìlò ilẹ̀ lọ.

Ọjọ́ 11 péré ni tiwa, títí kan àwọn ọjọ́ tí wọn yóò fi to pèpéle tí wọn yóò sì tú u, nítorí náà n kò ní ẹjọ́ kankan í rò. Koríko tí taya ọkọ̀ akẹ́rù máa ń sọ di ẹrẹ̀ nìkan ló ṣì ń dùn mí.

Ẹ ṣeun, mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé.