Ooru àti òógùn ń bá ẹ̀rọ etí màmá mi jà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó di oṣù mẹ́ta tí màmá mi, ẹni ọdún 74, ti ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ìbàdàn la wà, ẹ sì mọ bí ooru ṣe ń mú. Bí òógùn bá ti bò wọ́n, ti etí ọ̀tún á dákẹ́. Bí wọ́n bá wé gèlè, á máa súfèé títí ará ṣọ́ọ̀ṣì á fi máa wẹ̀yìn.

Mo máa ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo sì ń ṣí ilé bátìrì rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́. Àbúrò mi ní ká sá a sóòrùn. Mo ní ó tì o, oòrùn á bà á jẹ́. Ṣé ẹ ti lo ike onídèérí pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun?

Èyí tó ń já mi láyà jù ni bátìrì ẹ̀rọ náà, oní-nọ́ńbà 312 yẹn. Kò ju bọ́tìnnì lọ, ọmọ mi ọdún méjì sì ń ki ohun gbogbo bọ ẹnu. Etí ìró ni màmá ń so èyí tó ti kú mọ́, bí ẹni so owó! Níbo lẹ̀yin ń kó tiyín sí?