Ẹnu ta ni ẹ fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ sí?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn àròsọ nípa ọkùnrin adúláwọ̀ tó ń fẹ́ ọkùnrin, ibi tí ẹ máa ń fi í sí ló ń ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ẹ ó tì í mọ́ yàrá kan nílùú òkèèrè, òun àti olólùfẹ́ rẹ̀. Kò sí ìyá níbẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí àbúrò. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ilé gbà á?

Ẹ wo James Baldwin, òǹkọ̀wé adúláwọ̀, ọmọ Harlem ní New York. Paris ni ìwé rẹ̀ Giovanni's Room (1956) ti ṣẹlẹ̀, òyìnbó sì ni àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òun ò lè gbé ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yìí pọ̀ sínú ìwé kan nígbà yẹn. Ní 1979, nínú Just Above My Head, ó gbé Arthur Montana jáde, akọrin ìhìnrere tó ń fẹ́ ọkùnrin. Arthur ti kú. Hall, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń ròyìn. Ọmọ Hall bi í léèrè ohun tí àwọn ọmọ iléèwé ń sọ nípa Arthur, ó sì di dandan kí bàbá fèsì. Ìbéèrè yẹn ló gbé ìwé náà ró, lójú tèmi.

Ẹ mú ìran kan, oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi, bí ojú ìwé méjì. Ẹ tún un kọ láti ẹnu ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó ṣi ohun kan mọ̀.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ewu wà nínú fífi ìtàn sẹ́nu ẹlòmíràn: asọ̀tàn lè gba ìtàn náà mọ́ ẹni tó ni ín lọ́wọ́, kó di ìbànújẹ́ tirẹ̀. Òǹkọ̀wé adúláwọ̀ Randall Kenan dọ́gbọ́n sí i nínú A Visitation of Spirits (1989). Ọmọ ọdún 16 tó ń fẹ́ ọkùnrin ni Horace Cross, ní Tims Creek, ìlú àròsọ ní North Carolina. Ó fẹ́ fi oògùn sọ ara rẹ̀ di ẹyẹ. Ìbátan rẹ̀ Jimmy, tó jẹ́ pásítọ̀, ń jẹ́wọ́ pẹ̀lú “èmi”, ṣùgbọ́n ní òru tí Horace fẹ́ di ẹyẹ, ọ̀dọ̀ Horace la wà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ pín ìròyìn náà láàárín àwọn méjèèjì, kí pásítọ̀ má ráyè wàásù lé e lórí.

Ẹ yé ṣàlàyé ṣọ́ọ̀ṣì adúláwọ̀ fún àlejò, ẹ jọ̀ọ́. Owó ara rẹ̀ ni òǹkọ̀wé adúláwọ̀ E. Lynn Harris fi tẹ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ Invisible Life ní 1991, ó sì ń gbé e lọ sí àwọn ilé ìṣerun àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní Atlanta. Àwọn tó ń kà á níbẹ̀ mọ ohun tí ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́.