Àgọ́ wo lẹ fẹ́ràn jù tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sùn lóko? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Òkè, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ àgọ́ ni mo gbé wá. Kì í ṣe àgọ́ ayẹyẹ tí wọ́n ń fi irin gbé ró níwájú ilé o. Èyí téèyàn ń ká sínú àpò, tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ sùn lórí òkè tàbí létí odò ni mò ń wí. Èwo lẹ fẹ́ràn jù, kí lojú yín sì rí kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n yàn? Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Àwọn tó mọ Ṣábẹ̀ẹ́ wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ pé òkúta ló yí wa ká, àwọn òkè ràbàtà tórí wọn pá, tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ Parakú ti máa ń rí lókèèrè. Àwọn ará Kútọnu máa ń wá gùn wọ́n, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí kò sí òjò. Èmi ni mo máa ń mú wọn gòkè. Kí á tó di ẹrù rárá, a ó kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà àdúgbò, torí kì í ṣe gbogbo orí òkè ni àlejò ń tẹ ẹsẹ̀ sí.

Àgọ́ tí mo kọ́kọ́ rà, tòkúnbọ̀ ni, ní ọjà Tọkpá, 12 000 fáráńkì. Ọ̀pá méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Okùn àti èèkàn ló ń fà á kó má wó. Mo ta á wò nínú àgbàlá wa, ó dúró ṣánṣán, àwọn ọmọ ilé ń wọlé, wọ́n ń jáde. Mo ní ọjà mi dára.

Ọjọ́ tá a gbé e dórí òkè ni ojú mi là. Mo gbé èèkàn lé òkúta, mo fi òkúta míì lù ú. Ó dún kán-ún! Iná ṣẹ́ yọ, èèkàn sì tẹ̀ kọdọrọ bí ìwọ̀ ẹja. Ìkejì, bákan náà. Ìkẹta fò lọ, a kò rí i títí dòní. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, a so àwọn okùn náà mọ́ òkúta tó tó orí ewúrẹ́, a wọlé, a sùn. Nǹkan bí agogo méjì òru ni atẹ́gùn ọyẹ́ dé. Mo gbọ́ tí òkúta kan ń yí lọ gbirigbiri, kí n tó dìde, gbogbo àgọ́ ti dà bò wá, àwa mẹ́rin ń jà nínú rẹ̀ bí ẹja inú àwọ̀n. Arábìnrin kan tó wá láti Kútọnu, tí kò sùn lóko rí láyé rẹ̀, bá béèrè nínú òkùnkùn pé, "Bọ̀dá, ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí lẹ ní kí n sọ?

Èyí tí mo fẹ́ràn báyìí, ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì gba ara wọn kọjá lókè, ó rí bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ohun kan ṣoṣo ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀: ó ń dá dúró. Kò bẹ ilẹ̀, kò bẹ èèkàn. Tí mo bá ta á tán tí ibẹ̀ kò wù mí, mo lè gbé e lódindi lọ síbòmíì bí ẹni gbé agbọ̀n. Ẹrù wa ni mo ń kó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú rẹ̀, torí ohun tó ń dá dúró náà ló ń fò lọ tí kò bá sẹ́nì kankan nínú ẹ̀. Ẹ sì wo ọ̀pá rẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe máa ń là tó bá pẹ́ nínú oòrùn, ẹ̀ẹ́rún rẹ̀ á wá máa wọ ọwọ́ bí ẹ̀gún. Ó wọ̀ mí ní àtàǹpàkò, ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi lè di ọmọ odó mú. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí a kì í fi iyán ṣeré! Alumíníọ̀mù ni mò ń lò báyìí. Tó bá tẹ̀, mo rọra tẹ̀ ẹ́ padà.

Ó kù sọ́wọ́ yín.

Ìyá Aláṣọ Funfun, Àjàṣẹ́

O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. O pa mí lẹ́rìn-ín. Wá gbọ́ tèmi.

Ìjọ Sẹ̀lẹ́ wa, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí lọ́dún 1947, Sèmè létí òkun la ti máa ń ṣe ìsìn Kérésìmesì, àwọn èèyàn á sì ya wá láti Nàìjíríà àti ibòmíì. Ẹni tí kò bá rí yàrá, àgọ́ ni. Òkúta ni wàhálà tiyín, iyanrìn ni tiwa. Èèkàn ń wọlé bí ìgbà téèyàn ki ọwọ́ bọ gàrí, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń jáde. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọkọ mi ni pé kó rọ iyanrìn kún àpò, kó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, kó gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn dé ìgúnpá, kó sin ín síbẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ pa. Ọkọ mi fà á, èmi náà bá a fà á, kò mì.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Àgọ́ tí a rà lọ́dún àkọ́kọ́, aṣọ ẹyọ kan ni, ó nípọn, ó dí pinpin, kò ní fèrèsé kankan àfi ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó tà á fún wa ní, "Màmá, omi kò lè wọ èyí láéláé." Òótọ́ ló sọ, omi kò wọ̀ ọ́. A sùn sínú ẹ̀, èmi, ọkọ mi àtọmọ méjì, mo fa síìpù pa nítorí ẹ̀fọn. Nígbà tí mo dìde láàárọ̀ kùtù fún àdúrà, mo fọwọ́ kan ẹní, ó tutù rinrin. Mo gbá ọmọ kékeré nídìí: "O tún ti tọ̀ sílé!" Ó bú sẹ́kún pé òun kọ́. Mo tan iná fóònù sókè. Omi ló sun kún ara aṣọ àgọ́ nínú, ó ń kán tó, tó, tó lé wa lórí, bẹ́ẹ̀ níta ìràwọ̀ ló kún ojú ọ̀run, òjò kankan kò rọ̀. Èémí wa ni! Èémí èèyàn mẹ́rin láti alẹ́ dé ìdájí, pẹ̀lú ọ̀rinrin òkun, kò ríbi gbà jáde, ló bá di omi. Mo bẹ ọmọ mi, mo ra yovo doko (ìyẹn pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù) fún un nígbà tílẹ̀ mọ́, ó jẹ ẹ́ tán, ojú rẹ̀ ṣì le sí mi.

Nítorí náà, aláṣọ méjì ni tèmi. Ti inú, kí àwọ̀n ẹ̀fọn pọ̀ lókè rẹ̀; ti òde ni kí omi má lè là kọjá, kí àyè sì wà láàárín méjèèjì kí atẹ́gùn lè rìn. Omi á sun sára ti òde, á ṣàn lọ sílẹ̀, kò kàn wá. Mo tún fẹ́ kó ní ìloro kékeré níwájú. Àwa kì í wọ bàtà tá a bá ti wọ aṣọ funfun, iyanrìn tí ẹsẹ̀ wa ń kó wọlé tó fi kọ́lé.

Télọ̀ Kétu

Màmá, ẹ dúpẹ́ pé omi èémí ni. Tiwa níbí, òjò gan-an ni.

Aṣọ ni mò ń rán ní Kétu, èmi kì í lọ sùn lóko, ilé mi tó mi. Àmọ́ àwọn ọmọ síkáòtù máa ń kó àgọ́ wọn wá kí n bá wọn tún un ṣe, mo sì gbà pé mo mọ inú àgọ́ ju àwọn tó ń sùn sínú ẹ̀ lọ. Aṣọ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, ojú rírán ni. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni omi ń gbà. Ẹ yí i sódì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n lẹ téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ gbogbo ojú rírán. Tí kò bá sí, tàbí tó ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ẹ má rà á àfi tẹ́ ẹ bá mọ télọ̀.

Èmi náà ti ṣìṣe rí. Wọ́n gbé ọ̀kan wá tó ya lórùlé. Mo lẹ̀ ẹ́, mo rán an ní ìlà mẹ́ta kó lè lágbára, mo gba owó mi, mo ń yangàn. Wọ́n lọ sùn nínú oṣù kẹfà, òjò dé, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni omi bá gbà wọlé bí asẹ́. Olórí wọn gbé e padà wá. Kò bú mi o. Ó kàn nà án sójú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó." Ihò abẹ́rẹ́ tò lọ rẹrẹ, ìmọ́lẹ̀ ń gbabẹ̀ kọjá. Mo kúkú dá owó rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti rán an tán, mo máa ń fi gọ́ọ̀mù àwọn tó ń tún bàtà ṣe pa ojú rírán náà nínú àti lóde, èyí tó jẹ́ pé tó bá gbẹ, ó ṣì ń rọ̀. Èyí tó bá gbẹ tó sì le yóò sán tẹ́ ẹ bá ká àgọ́.

Ẹ ó rí nọ́ńbà lára àwọn tuntun: 1500 mm, 2000 mm, 3000 mm. Ó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Tó bá jẹ́ 2000, aṣọ yẹn lè gbé omi tó ga ní mítà 2 lórí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìyẹn tó fún òrùlé. Ti ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí orúnkún àti ìdí èèyàn ló ń tẹ omi wọlé láti ìsàlẹ̀.

Ilẹ̀ Kétu pupa. Lẹ́ẹ̀rùn ó le bíi síméǹtì, tójò bá dé ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Báàṣì, ìyẹn tapólì, tẹ́ ẹ bá tẹ́ sábẹ́ àgọ́, ẹ jẹ́ kó kéré ju ìdí àgọ́ lọ. Tó bá yọ etí síta, abọ́ lẹ gbé kalẹ̀ fún òjò yẹn, abẹ́ yín gan-an ló sì ń kó omi rẹ̀ wá.

Ọmọ Ìdáàṣà

"Ẹni mẹ́rin" tí wọ́n ń kọ sára àgọ́ yìí, ṣé àwọn mẹ́rin tí kò lápá ni? Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sùn nínú ti ẹni méjì nígbà tá a lọ sí ìrìn àjò mímọ́ oṣù kẹjọ nílé wa ní Ìdáàṣà. Àwa wọlé, báàgì wa sùn síta. Ẹ yọ ẹnì kan kúrò nínú iye tí wọ́n bá kọ. Tẹ́ ẹ bá sanra, ẹ yọ méjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Faransé ló fi àgọ́ kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, irú èyí tó rí roboto bí àtẹ. Èèyàn á tú okùn rẹ̀, á jù ú sókè, á ti di ilé kó tó balẹ̀. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi gbé e lọ sí Àjàrá, lẹ́bàá Odò Dúdú. Mo jù ú, ó ṣí wàù, gbogbo ọmọdé àdúgbò pàtẹ́wọ́. Mo di ọba lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ku kí á ká a. Yéè! A tẹ̀ ẹ́ síbí, ó yọ lọ́hùn-ún. A yí i bí ọ̀já, ó tú padà, ó gbá ọ̀rẹ́ mi kan létí. Ẹni tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ká a lórí fóònù, ìṣẹ́jú kan péré ló fi ṣe é, tiwa ti lé ní wákàtí kan. Bí ìrì ṣe wà lára rẹ̀ náà ni mo gbé e dé títì, ó ṣí sílẹ̀ gbàràgàdà. Zémìjàn (ọlọ́kadà) àkọ́kọ́ wò mí, ó sá lọ. Ìkejì ní owó èèyàn méjì lòun máa gbà torí pé ilé ni mo gbé. Mo san án. Mo jókòó sẹ́yìn, mo na àgọ́ sókè lórí mi bí agbòòrùn, mo fi apá méjèèjì dì í mú. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn fi wọnú ẹ̀, ọ̀kadà wa bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún fì sósì, ẹni tó gbé mi ń pariwo pé, "Ti ilẹ̀kùn ẹ! Ti ilẹ̀kùn ẹ!" Mo ti síìpù lórí ọ̀kadà tó ń sáré. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń sá tẹ̀ lé wa títí a fi wọ ìlú.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bàbá mi ló bá mi ká a nígbà tó yá, a rọ́ ọ sínú àpò, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ rántí pé ó ṣì tutù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan nínú ooru Àjàṣẹ́ yìí, mo yọ ọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ra wọn bíi súìtì tó yọ́, ó ń rùn bí èébì ọmọ ọwọ́. Ohun tí wọ́n kùn sí i lára tí kì í jẹ́ kómi wọlé ti bà jẹ́. Oṣù Disẹ́ńbà ni ẹ̀gbọ́n ń bọ̀.

Àgọ́ tí mo fẹ́ràn? Èyí tí mo bá mọ̀ ọ́n ká.

Ìyá Aláṣọ Funfun, Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Tá a bá ti Sèmè dé, orí okùn aṣọ ni tiwa ń wà fún ọjọ́ méjì, lábẹ́ ìbòòji o, kì í ṣe nínú oòrùn, kí n tó jẹ́ kí wọ́n dì í. Tètè lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó tó dé.

Télọ̀ Kétu

Gbé e wá kí n wò ó. Mi ò ṣèlérí. Ọmọ Òkè, àgọ́ ẹgbàá mẹ́fà fáráńkì yẹn ńkọ́? Tí aṣọ rẹ̀ bá ṣì dáa, mo lè rà á fi lẹ àwọn tó ya.

Ọmọ Òkè, Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá mi ti gba aṣọ rẹ̀, òun ló fi ń sá èlùbọ́. Ọ̀pá méjèèjì ṣì wà, àti èèkàn mẹ́fà, gbogbo wọn ló tẹ̀.